Ẹ Yọ Ọ̀rọ̀ "Àìgbọràn" Kúrò Nínú Fáìlì Anwar Àgòrò

Ojúlé 17,
Àdúgbò Ìta-Ẹlẹ́wà,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ 18, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìbáwí,
Àjọ Panápaná Ẹkùn Ọ̀sà,
Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ẸJỌ́ TÍ Ẹ DÁ FÚN OLÓÒGBÉ ANWAR ÀGÒRÒ

1. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ panápaná. Mo fi mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìkòròdú, kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Anwar wà lára àwọn tí mo kọ́ kẹ́yìn.

2. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, iná ràn mọ́ ilé gígùn kan tí wọ́n ti ń yan ẹja nítòsí Ọjà Olúwo. Àwọn èèyàn ń pariwo pé Alhaja Fàlílátù, tó ni ibẹ̀, wà nínú ilé. Anwar so okùn tí a fi ń mọ̀nà padà nínú èéfín mọ́ ìbàdí, ó wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyá náà ti gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí wọ́n fa okùn, òfìfo ló bọ̀.

3. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, Alhaja Ṣùkúrátù, sọ pé ó tú okùn láìgba àṣẹ, pé àìgbọràn ló pa á. Ìyá náà wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá bá mi nílé, ó mú ìwé náà jáde nínú báàgì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ṣé ọmọ mi máa ń ṣagídí lọ́dọ̀ yín?" Ìtìjú bá mi.

4. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ó yẹ kí okùn yẹn gùn tó ọgbọ̀n mítà. Lọ́dún 2009, èyí tí wọ́n kó fún wa kò ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó fèsì, ó sì sú mi. Dípò kí n dá ẹ̀kọ́ dúró, mo dá ọgbọ́n ti ara mi: mo ní kí ẹni tí okùn bá tán mọ́ lára tú u, kó gbé ọwọ́ òsì lé ògiri, kó máa tọ ògiri lọ, kó sì tọ̀ ọ́ padà. Ilé tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ní Ìkòròdú kéré, bíríkì ni, yàrá mẹ́rin péré ló ní. Kò sẹ́ni tó sọnù níbẹ̀ rí. Àwọn ọ̀gá ń yìn mí pé Odùnúgà lè kọ́ni láìsí irinṣẹ́, orí mi sì ń wú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ojú ìwé kejìlélógún, mo fọwọ́ sí i.

5. Irú okùn kúkúrú yẹn náà ló tán mọ́ Anwar lára, páànù sì ni ògiri ilé ẹja náà. Iná ti wó o lulẹ̀ níbi tí ọwọ́ Anwar ìbá ti kàn án. Alhaja Fàlílátù fúnra rẹ̀ ló fi ibẹ̀ hàn mí; ó ń sunkún, torí ó gbà pé òun lòun fa ikú ọmọ ọlọ́mọ. Mo sọ fún un pé òun kọ́.

6. Ẹ̀dà ojú ìwé náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlélógójì tó wà ní ibùdó báyìí ṣì ń kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró lónìí.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ̀rọ̀ àìgbọràn kúrò ní fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwé mìíràn sí ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá orúkọ tí ẹ máa fi dí àyè náà, ẹ kọ tèmi. Anwar gbọ́ràn. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìtìjú,
Yísà Odùnúgà,
Ọ̀gá Àgbà Olùkọ́ Panápaná, tó ti fẹ̀yìn tì.