Mọ́tò Àwọ̀ Ìyeyè Tó Wá Tọrọ Ìyàwó

Tiwátọ́pẹ́ Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, mo kí ọ kú ooru Agbowó, mo sì kí ọ kú àìsùn. Ọlọ́run tó yọ Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún yóò yọ ọ́ nínú yunifásítì yẹn láìní àpá lára. Ara wa le níhìn-ín. Ewúrẹ́ abìlà ti bí ìbejì, bàbá rẹ ṣì ń bínú sí i pé kò sọ fún òun tẹ́lẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ti parí, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ló ń gbójú sókè wò ó bí ẹni pé oúnjẹ ni.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi lọ́jọ́bọ̀. Mo wé gèlè kí n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí n kò mọ ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ibẹ̀. O ní iṣẹ́ tí o fẹ́ kà síwájú àwọn olùkọ́ rẹ ni, pé kí n gbàdúrà sí i. O ní ìwé ìtàn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ kan ni, àti pé gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ ló ní ìtumọ̀: funfun ni ẹ̀tàn tó wọ aṣọ mímọ́, àwọ̀ ìyeyè ni owó tí a kò mọ orísun rẹ̀, àwọ̀ ewé sì ni ìrètí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àpótí. Mo ní, Tiwátọ́pẹ́ yìí mà gbọ́n o! Ta ni yóò máa ka iṣẹ́ yunifásítì fún ìyá tó kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi? Mo ti mọ̀ pé Babájídé tí ẹ jọ fẹ́ fẹ́ra yín ń bọ̀ wá fojú hàn wá lọ́jọ́ Sátidé. Àrokò lo pa ránṣẹ́ sí mi.

Ṣé o rántí ohun tí bàbá mi àgbà máa ń sọ, pé láyé tiwọn, bí ọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ọkàn rẹ̀ ló ń fà sí ọ, ẹni tó gbé e wá kò sì ní mọ ohun tó gbé. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kò ní la ẹnu sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ọkọ mọ́, àwọ̀ ni yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ní kí n rọra, pé ó lè jẹ́ ìwé lásán. Mo ní kó lọ fún ewúrẹ́ lóúnjẹ.

Bó ṣe di Sátidé, eruku sọ lọ́nà, mọ́tò yọ. Àwọ̀ ìyeyè! Ẹni tó jáde nínú rẹ̀ wọ funfun látòkè délẹ̀, fìlà funfun, bàtà funfun. Orí mi wú, mo ké Jésù. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ yẹn, ó ní òun ni Babájídé tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé l'Ágbowó. N kò bu omi fún un. Mo ní ọmọ wa ti fi àwọ̀ rẹ̀ hàn wá, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ọmọ ọlọ́mọ fajú ro, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Bàbá rẹ ni àánú ṣe. Ó ní bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ni ẹjọ́, ṣé àwọ̀ kò ṣe é pààrọ̀ ni? Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ìwọ náà lo kúkú sọ pé àwọ̀ ewé ni ìrètí. A bọ́ funfun lọ́rùn rẹ̀, a wọ bùbá àti ṣòkòtò àwọ̀ ewé bàbá rẹ fún un, ṣòkòtò náà sì dúró sí orúnkún. Ó wá ku mọ́tò. Ọ̀dà òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì kù nínú gálọ̀nù. Ìyá Bàdírátù aládùúgbò wa gbé ìgbálẹ̀ wá, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣùgbọ́n òun mọ bí wọ́n ṣe ń kun nǹkan. Mo bi Babájídé bóyá ó fọwọ́ sí i. Ó tún mọ́tò náà wò, ó ní bí Màmá bá ti wí. Tiwátọ́pẹ́, a kùn ún! A kun ara rẹ̀, a kun táyà, ayọ̀ pọ̀ débi pé bàbá rẹ kun gíláàsì ẹ̀yìn mọ́ ọn. Mo ń kọrin, Babájídé náà mú ìgbálẹ̀ kan, ó ń kùn, ó ń làágùn. Ìgbà náà ni mo tó bu omi fún un, tí mo sì gúnyán.

Ó ń jẹun lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Adéróunmú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, láti àdúgbò Challenge, ó ń bèèrè mọ́tò rẹ̀ tó fi ń gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún owó. Èmi tí n kò jẹ iyán, èmi ni ó há lọ́fun. Mo ní, ṣé mọ́tò yìí kì í ṣe tìrẹ ni? Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti òkèlè lọ́wọ́, ó ní òun yá a ni, kí òun lè wá kí wa tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Bàbá rẹ wá bi í bóyá àrokò ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn lóòótọ́. Ó dá òkèlè padà sínú àwo. Ó ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni, pé òun ló bá ọ tẹ̀ ẹ́, òun mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní kí ló wá dé tó dákẹ́? Ó ní òun kò lè dúró níwájú aládùúgbò, kí òun wo ojú ìyá Tiwátọ́pẹ́, kí òun ní ọ̀rọ̀ ọmọ wọn kò yé wọn.

Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tí ǹ bá fi síwájú. Síbẹ̀ n kò tíì gbà tán, nítorí ẹni tó gbé àrokò kì í mọ ohun tó gbé. Fẹnu ara rẹ sọ fún mi, láìsí Amẹ́ríkà níbẹ̀: ṣé o fẹ́ ẹ, àbí o kò fẹ́ ẹ? Má fi fóònù sọ ọ́, ohun tó bá gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Awakọ̀ tó bá ọ gbé lẹ́tà yìí wá sí gáréèjì Ṣàngó ni kí o fún lésì.

Fi owó ọ̀dà ìyeyè lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú, ìyàwó kan ń dúró de mọ́tò náà. Má fi í sí báńkì. Owó tí mo fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, nígbà tí mo lọ gbà á, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi, mo sì ti fi eérú sàmì sára tèmi.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ yé àwọn olùkọ́ rẹ ju bó ṣe yé mi lọ. Wàá ṣe àṣeyọrí, wàá sì fi ọwọ́ rẹ gbé ọmọ jó. Babájídé ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rù ń bà á láti gbé mọ́tò yẹn wọ Challenge. Bí o bá fẹ́ ẹ, tètè máa bọ̀. Bí o kò bá sì fẹ́ ẹ, wá ibi tí wàá máa sùn sí nígbà tí o bá wálé, nítorí a ti fún un ní yàrá rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Ọlárónkẹ́