Tíṣà Tí Kò Gbọdọ̀ Gbọ́ Yorùbá

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Gègé Wúrà,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí gbogbo ẹni tó fi ẹ̀yìn tì ọ́. Ṣé àlàáfíà ni ara wà? Orókùn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn? Ìyàwó rẹ, obìnrin tó kọ́kọ́ fi sùúrù tọ́ ọkọ kó tó tọ́ ọmọ, mo kí i tọwọ́tẹsẹ̀. Bí o bá bi mí, ara mi le koko, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò rí ibi jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú bébà láti òwúrọ̀ láti dá ọ lóhùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fà á ya. Bí ìkọ̀wé mi bá wọ́, má bínú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo ń dìde lọ sójú fèrèsé.

O bi mí bóyá kí o fi ọmọ-ọmọ rẹ obìnrin sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi èdè Jámánì àti Yorùbá kọ́ ọmọ, irú èyí tí mo wà yìí. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, bí gbogbo ìbéèrè rẹ ti máa ń rí láti ìgbà tí a ti jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ǹ bá ti dá ọ lóhùn ní ìlà méjì, ká ní oṣù tó kọjá lo béèrè ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi iyì fún ẹni tí iyì tọ́ sí. Ilé-ìwé yìí dára. Kíláàsì kan, tíṣà méjì. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, èmi ni mo ń kọ́ wọn ní ìṣirò, orin àti ìmọ̀ àyíká, ní Jámánì pátápátá. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, ìkejì mi, tíṣà obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, a gba kíláàsì lọ́wọ́ mi, a sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìwé kíkà. A kì í túmọ̀ ohunkóhun. Bí mo bá fẹ́ kí ọmọ ṣí fèrèsé, mo máa sọ ọ́ ní Jámánì, mo máa nawọ́ sí fèrèsé, mo máa fẹ́ ara mi bí ẹni tí ooru fẹ́ pa, títí yóò fi yé e. Wọ́n ní bí gbogbo wa ti kọ́ èdè ìyá wa nìyẹn, pé kò sí ìyá tó túmọ̀ omi fún ọmọ rẹ̀ rí. Mo fi ojú mi rí i pé òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tó dé, oṣù kẹrin ló ń bá mi jiyàn ní Jámánì pé kì í ṣe òun lòun da omi sílẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ mọ̀ pé tíṣà Jámánì gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá ti mọ̀, wọn kò ní yọ ahọ́n ara wọn lẹ́nu mọ́. Èmi tí o mọ̀, tí mo máa ń fi òwe kí òwe, ni mo wá di odi láàárín ìlú! Ọmọ kíláàsì mi kan ń gbé lókè ilé oníbúrẹ́dì àdúgbò wa. Nítorí rẹ̀, ìka ni mo fi ń ra búrẹ́dì. Mo máa nàka, mo máa mi orí. Oníbúrẹ́dì náà, ọmọlúàbí èèyàn, ti gbà pé nǹkan ló ṣe mí. Á fi ọ̀kan lé e, á ní, "Bàbá, Ọlọ́run á la ohùn yín."

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fi nǹkan kan pa mọ́ lójú mi. Bàbá Gúútìn ni wọ́n sọ mí, nítorí ìkíni Jámánì tí mo máa ń fi wọlé láàárọ̀. Ọ̀kan ṣàlàyé fún èkejì pé ìyá mi ló gbàgbé láti kọ́ mi ní Yorùbá. Òmíràn ní, "Ẹ wo ṣòkòtò Bàbá Gúútìn, ó dà bíi pé òun àti ẹ̀ jọ jà kó tó wọ̀ ọ́." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n kí kú iṣẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ aránṣọ kan. Ọmọ Aránṣọ ni mo máa pè é nínú ìwé yìí. Lọ́sàn-án, nínú kíláàsì Yorùbá, ara rẹ̀ yá, ó já fáfá. Láàárọ̀, lọ́dọ̀ mi, bí ère ló rí. Á tẹjú mọ́ ẹnu mi. Bí mo bá ti kọjú sí pátákó báyìí, ó ti ṣìnà. Ọ̀rẹ́ mi, gègé ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ rẹ̀ pé: "Kò fi ọkàn sí ẹ̀kọ́. Ojú èèyàn ló ń wò dípò kó gbọ́ràn." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìgbìmọ̀ ilé-ìwé gbé sórí tábìlì. Wọ́n ní ọ̀nà Jámánì yìí kò bá a mu, pé ní ọjọ́ Ẹtì, ìyẹn òní yìí, àwọn yóò pinnu bóyá kí ó máa lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní òdìkejì ìlú.

Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ mí. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orókùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, téèpù ìwọ̀n aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Tíṣà, ẹ fún un ní sáà kan sí i. Ọmọ mi kì í ṣe olódo." Ọmọ náà di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń wo ẹnu mi. Jámánì ni mo fi dá obìnrin náà lóhùn, ìkejì mi ló ń túmọ̀. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ èyí.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ń fi bébà ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Mo jókòó ti Ọmọ Aránṣọ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ awakọ̀ kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi. Mo gbọ́ tí Ọmọ Aránṣọ ní, "Bọ́ sí ọ̀tún mi jàre. O kúkú mọ̀ pé òsì ò gbọ́ nǹkan kan."

Èkejì ní, "Kò tíì là síbẹ̀?"

"Kò là. Láti ìgbà ibà yẹn ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Níjọ́ tí a wá forúkọ sílẹ̀, wọ́n bi màámi pé ṣé ara mi pé, màámi ní ó pé ṣánṣán. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní màámi parọ́, wọ́n á lé mi."

"Bàbá Gúútìn ńkọ́? Ó mà wà níbí."

"Ìyẹn? Òun àti etí òsì mi, ọgba ni wọ́n."

Sísọ́ọ̀sì dúró sí mi lọ́wọ́. Gègé Wúrà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà là sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Yorùbá rí fún ọmọ yìí: ó ń gbọ́ àbọ̀, ó ń fi òye dí èyí tó kù. Ṣùgbọ́n Jámánì ṣì ṣàjèjì sí i; àbọ̀ tó bá gbọ́, àbọ̀ ni yóò jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sì ni mo máa ń dúró sí, lójoojúmọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Obìnrin tó níyì ni, ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé-ìwé àti ti àbúrò wọn. Ó dán ọmọ náà wò lọ́jọ́ kejì. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra pè é. Ẹnu-ò-sinmi tó jókòó níwájú la ojú rẹ̀ rangandan, Ọmọ Aránṣọ rí i, ó yíjú padà kíá. Ọ̀gá ní, "Tíṣà, etí ọmọ yìí mú ju tèmi lọ." A ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ọmọ ti sẹ́ fún un nílé, inú sì bí i: "Bí ẹ bá fẹ́ lé e, ẹ lé e, ẹ má fún un lórúkọ." Ìkejì mi tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi ọmọ náà bóyá etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé àṣírí òun ti tú.

Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà. "Ìwọ lo sọ! Ọ̀dàlẹ̀!"

"Mo fi ìyá mi búra, mi ò sọ!"

"Ta ló tún wà níbẹ̀, bí kò ṣe ìwọ àti Bàbá Gúútìn?"

Mo dúró níbẹ̀ bí igi, ọ̀rẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, Ẹnu-ò-sinmi dákẹ́, kò fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ Aránṣọ dá jókòó. Kò sí ẹni tí yóò sọ ohun tí mo wí fún un ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́. Mo padà lọ bẹ ọ̀gá pé kí ó jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wà ní kíláàsì yẹn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo láti ẹnu yín, iṣẹ́ ọdún kan ti fọ́. Ẹ má dán an wò." Kò purọ́. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Lánàá, ọjọ́ Bọ̀, lẹ́yìn ìsinmi, mo dá àwọn méjèèjì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ń gbé báàgì kọ́. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Ọmọ Aránṣọ. Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ kò dà ọ́. Èmi ni mo gbọ́, èmi ni mo sì sọ. Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà."

Ọmọ Aránṣọ wo ẹnu mi títí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń fi pamọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

"Òfin ni."

"Tèmi, ẹ̀rù ni." Ó tún ní, "Ẹ má sọ tèmi, mi ò ní sọ tiyín."

Mo ní, "Tèmi ti jáde báyìí, mi ò lè gbé e mì mọ́. Ìyá rẹ kò parọ́. Ẹni tí kò mọ̀ kì í parọ́. Sọ fún un lónìí." Nígbà náà ló bú sẹ́kún, ó sì fi orí lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà kò sunkún. Ó bi mí pé, "Tíṣà, gbogbo ohun tí a sọ nípa ṣòkòtò yín, ẹ gbọ́ ọ?" Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú: "Yéè, mo gbé!"

Kí agogo tó lù, ẹnu rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo kíláàsì ti gbọ́. "Tíṣà, ẹ pe orúkọ mi!" "Tíṣà, ẹ pa àlọ́!" Títí ọ̀sán, Jámánì kò jáde lẹ́nu ọmọ kan mọ́. Ọ̀gá pè mí. Kò jágbe, ǹ bá fẹ́ kó jágbe. Ó ní kí n lọ jókòó sí yàrá àwọn tíṣà títí ìgbìmọ̀ yóò fi pe orúkọ mi.

Ibẹ̀ ni mo wà. Ìyá ọmọ náà mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí láàárọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní aago méjì. Tíì mi ti tutù, mo ti gbẹ́ gbogbo pẹ́ńsùlù tó wà nínú agolo. Àwọn ìwé àbọ̀ tí mo kọ láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ń rò: "olóríkunkun", "kò gbọ́ràn", "ọkàn rẹ̀ kò sí níbí". Mélòó nínú àwọn ọmọ náà ni mo dá lẹ́jọ́ lọ́nà àìtọ́?

Nítorí náà, èsì mi nìyí. Mú ọmọ-ọmọ rẹ wá, èdè méjì kì í wúwo fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé, bi ọ̀gá ilé-ìwé náà pé: "Ọjọ́ wo ni ẹ máa ń rú òfin yín?" Bó bá ní kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ máa lọ sílé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ara wa pẹ́. Kí àwọn ọmọ rẹ sìn ọ́ dalẹ́, kí ìkọ̀wé rẹ má ṣe wárìrì. Ire tí o ń ṣe fún mi láti ìgbà èwe, kí ó bá ọ nílé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́, tí a jọ pín àga kan ní kíláàsì,
Àdáṣọ̀rọ̀.

Àfikún: N kò rí ìwé yìí fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́rú nìyí. Dókítà ní etí òsì náà ti kú, kò ní jí mọ́. Ọ̀tún le dáadáa. Ó kọ ọ́ sí ìwé pé iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ òsì kíláàsì, ni kí ọmọ náà máa jókòó, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí tíṣà. Ìgbìmọ̀ fi í sílẹ̀. Èmi ni wọ́n yọ kúrò. Inú yàrá ìkàwé ni mo wà báyìí, títí àwọn ọmọ tuntun yóò fi dé. Bóyá wọn yóò dá mi padà, bóyá wọn kò ní dá mi padà, n kò mọ̀. Láàárọ̀ yìí mo gbé ìwé kọjá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì náà. Tíṣà Jámánì tuntun kọjú sí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ Aránṣọ nawọ́ sókè. Ó sọ ọ́ ní Jámánì tó já gaara, odidi gbólóhùn, ẹni kan kò ràn án lọ́wọ́: "Mi ò gbọ́ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú síbí kí ẹ tún un sọ." Tíṣà yíjú padà, ó tún un sọ.