Ohùn Ràsáàkì, Baba Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kọkànlá, 1981

Ràsáàkì ti kú.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n wò ó bóyá ọkàn mi á gbà á. Kò gbà á.

Ìbàdàn ló kú sí, láàárọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kí omi tó dé, ó ti fẹ̀yìn ti ògiri. Mọ́tò àwọn olórin ló gbé e wá sí Òtù níbí. Lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n ti sin ín.

Èmi ń gbẹ̀bí lọ́wọ́. Obìnrin Òkàkà kan, ẹsẹ̀ lọmọ fi ṣáájú. N kò lè fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ilé wọn, erùpẹ̀ tútù ni mo bá.

Ìyá àti ọmọ yè. Ọkùnrin ni.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kọkànlá

Akínyẹlé ọkọ mi ní kí n lọ sinmi. Mo ní mo fẹ́ kọ̀wé. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ọdún tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn ni mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti ráyè, mo máa ń lọ ṣe elégbè fún Ọ̀gá Ládòkun, olórin jùjú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a fẹ́ gba orin sínú àwo, ohùn mi ń sá kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ọ̀gá pariwo mọ́ mi. Ó tún pariwo mọ́ mi. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan jókòó sí kọ̀rọ̀ lórí àpótí ọtí, ó gbé gìtá olókùn mẹ́rin lé itan, ó ń jẹ iṣu sísun. Ó fọwọ́ pè mí.

Ó ní, "Ohùn Abẹ́rẹ́, níbo lo ti wá?"

Mo ní Ìṣẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ará ilé! Ọmọ Òtù ni mí. Má wo ẹnu Ọ̀gá mọ́. Èmi ni kí o máa gbọ́. Màá tẹ́ ẹní fún ọ, ìwọ ṣáà jókòó."

Ó sì tẹ́ ẹ. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ohùn gìtá yẹn wúwo, kò yára, kò ṣe féfé. Mo gbé ohùn mi lé e, kò yẹ̀. Nígbà tí a parí, Ọ̀gá béèrè bóyá ọmọbìnrin mìíràn ló kọrin. Ràsáàkì ti padà sídìí iṣu rẹ̀.

Kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀, tí ẹni tó ń ta gìtá yẹn fún un kò bá dáńtọ́, Ràsáàkì ni yóò ránṣẹ́ pè. Jùjú o, háíláìfù o, orin ìjọ pàápàá — Mùsùlùmí bíi tirẹ̀! Ó máa gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì mọ ibi tó ń lọ ṣáájú ẹni tó ni ín. Baba Ìsàlẹ̀ là ń pè é. Gìtá béèsì, ohùn ìsàlẹ̀, ni tirẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òun ni baba ìsàlẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán rẹ̀ lára páálí àwo kankan. Kò sí orúkọ rẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bí gbogbo wa bá di òrùlé, òjò á kàn wó wa ni."

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ kí Ìyá. Ìyá tó bí Ràsáàkì. Etí wọn ti di láti bí ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ á gbé ẹnu sí wọn létí, á pariwo, síbẹ̀ ààbọ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Wọn kò sunkún. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo bá a ṣiṣẹ́. Kí ni Ràsáàkì ń ṣe láàárín àwọn olórin wọ̀nyẹn gan-an?"

Mo pariwo pé gìtá ló ń ta.

"Ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí etí mi ṣì ń gbọ́, n ó tan rédíò, n ó máa wá a. Ẹni tó ń kọrin, mo gbọ́ ọ. Gìtá tó ń ké fíofío, mo gbọ́ ọ, wọ́n ní òun kọ́. Onílù, òun kọ́. Èwo wá ni tirẹ̀? Àwọn obìnrin ọjà ní ẹrù ló ń bá wọn gbé. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n kí ni n ó nawọ́ sí pé òun rèé?"



Ràsáàkì kò gbé gìtá wọ ilé yẹn rí. Àáfà ni bàbá wọn, ọmọ kò sì fẹ́ rí bàbá fín. Nígbà tí bàbá kú, Ràmọ́nì àbúrò Ràsáàkì ló di Àáfà adúgbò. Nínú ọkàn mi, Àáfà Má-Ṣe ni mo ń pe Ràmọ́nì. Ènìyàn dáadáa ni o. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí "ẹ má ṣe" kò ní ṣáájú.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kọkànlá

A kọ orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń fetí wá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kọkànlá

Fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Àwọn olórin wá. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ṣakí, àní ẹnì kan wá láti Ìlọrin. Àwọn tí wọn kì í kí ara wọn, tí wọ́n ti fi orin bú ìyá ara wọn, gbogbo wọn jókòó lórí ẹní kan náà, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ń ṣe àmín. Mo wò wọ́n, mo ní nínú ara mi pé kò sí gómìnà tó lè kó àwọn wọ̀nyí jọ. Baba Ìsàlẹ̀ kó wọn jọ.

Ràmọ́nì ti kìlọ̀: "Ẹ má ṣe lu nǹkan kan o." Kò sẹ́ni tó lù.

Lẹ́yìn àdúà, Ọ̀gá Ládòkun — ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti funfun — ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá. Ó ń sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan òun gbàgbé ọ̀rọ̀ orin láàárín, ẹ̀rọ sì ń gbohùn lọ. Gbogbo wa dákẹ́. (Mo wà níbẹ̀!) Ràsáàkì nìkan ni kò dúró. Ó ń ta á lọ, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, títí Ọ̀gá fi rí ọ̀rọ̀ náà he. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú àwo yẹn. Wọ́n rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ìyá kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ohùn ọmọ mi wà nínú orin yín?"

Ọ̀gá pariwo, "Ìsàlẹ̀ ni, Ìyá! Ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló wà!"

Ojú Ìyá yí padà. "Ìsàlẹ̀? Ìsàlẹ̀ lẹ fi ọmọ mi sí?"

Pẹ̀lú gbogbo iyì tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn yẹn, ohun tí Ìyá gbọ́ nìyẹn. Ìyá ṣàdúà fún gbogbo wọn, wọ́n wọlé lọ. Ọ̀gá ṣì dọ̀bálẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kọkànlá

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Ìṣẹ́yìn, sọ́dọ̀ Àmúdà tó ń ta àwo orin. Mo ní kí ó bá mi ṣa èyí tí Ràsáàkì Òtù wà nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ di ojú yín, kí ẹ ṣáà na ọwọ́. Òun lẹ máa fà yọ."

Mo mú mẹ́ta. Ó wé wọn sínú ìwé ìròyìn bí ẹni ń wé ọmọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kọkànlá

Akínyẹlé gbé ṣénjà tí a fi ń lu àwo síta ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì mọ́tò. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ̀rẹ́ mi. Báyìí tí kò sí mọ́, kò sí ohun mìíràn tí mo ń gbọ́. Bí ó ṣe máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kí orin tó yípo, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún àgbà. Bí kò ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀.

Akínyẹlé gbé ife tíì rẹ̀ lé sípíkà lórí. Ó ní, "Mọ́ládé, wo inú ife."

Bí Ràsáàkì bá ti ta okùn, tíì á mì. Fíofío gìtá kejì kò mì ín. Ohùn olórin kò mì ín. Òun nìkan.

A wo ara wa. Ìyá!

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kọkànlá

Ràmọ́nì kọ̀ kí a gbé ṣénjà wọ ilé wọn, kí Ìyá fọwọ́ kan sípíkà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ o, èmi tí mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe bínú. Ilé ọ̀fọ̀ ni. Kí ni n ó sọ fún àwọn tó ń kírun lẹ́yìn mi? Ẹ jẹ́ kí ogójì ọjọ́ ó pé."

Mo ní kí a gbé Ìyá wá sílé wa ńkọ́? "Ẹ má ṣe gbé wọn jáde."

Mo ti ilẹ̀kùn wọn gbàgà nígbà tí mo ń jáde. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kọkànlá

Ìyá kò jẹun. Wọ́n wá pè mí níbi iṣẹ́. Àyà wọn ń lù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ara wọn gbẹ. Mo fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n yíjú sí ògiri. Wọ́n ní, "Ìsàlẹ̀," jẹ́ẹ́. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún Ràmọ́nì pé mi ò mọ̀ bóyá Ìyá máa dé ogójì ọjọ́ yẹn. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́yìn Jímọ̀, Ràmọ́nì wá sí ilé ìgbẹ̀bí fúnra rẹ̀, nínú agbádá funfun, láàárín àwọn aláboyún. Kò jókòó. Ó ní, "Nígbà tí a wà ní kékeré, bí àrá bá ń sán, ẹ̀gbọ́n mi máa ń kùn lábẹ́ aṣọ kí ẹ̀rù má baà bà mí. N kò sọ fún ẹnì kankan rí."

Ó yípadà, ó ń lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ gbé e wá lọ́la, lójú ọ̀sán. Kí gbogbo ènìyàn rí i."

N kò ní pè é ní Àáfà Má-Ṣe mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kọkànlá

A gbé e lọ. Akínyẹlé gbé ṣénjà, Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ ló ru bátìrì. A gbé sípíkà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní Ìyá. Àwọn ará ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn kò dán mọ́rán. Mo gbé ọwọ́ Ìyá méjèèjì lé igi sípíkà náà, Akínyẹlé sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ìyá ń wò mí bí ẹni tí a ń fi ṣeré. Gìtá fíofío. Ọ̀gá kọrin. Kò sí nǹkan kan lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, Ràsáàkì wọlé.

Mo rí i! Ìka wọn gan. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sún mọ́ ọn, títí wọ́n fi gbé àyà lé igi náà bí ẹni tó gbọ́mọ mọ́ra.

"Ó ń rìn," ni wọ́n wí. "Òun nìyí? Ẹni tó ń rìn yìí?"

Mo mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo fi ń sọ.

"Gbogbo ohun tó dé ara mi, òun nìkan ni?"

Mo mi orí.

"Ràmọ́nì! Wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ rèé."

Ràmọ́nì wá, Àáfà tó ń léwájú ìrun, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ìyá ní kí a tún un lù. A tún un lù. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n po ẹ̀kọ mímu wá, wọ́n sì fi ọwọ́ kan mu ún, wọn kò gbé ọwọ́ kejì kúrò. A lu àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí bátìrì fi rẹ̀, tí ohùn Ọ̀gá Ládòkun bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tó wá kú pátápátá. Akínyẹlé dìde láti lọ wá bátìrì mìíràn. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún Ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ ṣáájú mi.

Wọ́n ń fọwọ́ pa orí igi náà, síwá sẹ́yìn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sunkún.