Ìbọn Tí Mo Fún Lóhùn

                                        Ilé Kọkàndínlógún,
                                        Ẹ̀bá Birchmere Park,
                                        Thamesmead, London.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Bíyìí, ọ̀rẹ́ tí a jọ fín iná àgbẹ̀dẹ,

Èmi tí mo gbá Powis Street nínú òtútù tí ojú ń ṣomi láìsunkún. Èmi tí mo sùn nínú bọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé ìparí nítorí n kò rílé gbé. Èmi tí mo fọ ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ tí mo lè bí. Tí ọ̀gá kan ń pè ní “bọ́ì” títí irùngbọ̀n mi fi funfun. Tí irin já lù lẹ́sẹ̀, tí mo sì tiro lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì nítorí n kò ní ìwé ìgbélùú tí n ó fi ráhùn: èmi yẹn náà ni mo kí ọ. Isaac rẹ ni.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbọ́ oògùn? Ṣé òjò ti dá ní Ṣakí, ṣé ẹ ti ń wa iṣu? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ara mi le. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, síbẹ̀ n kò gba oògùn kankan àfi èyí tí mo fi ń pa ọ̀fìnkìn. Bẹ́ẹ̀ ni n kò kàwé kọjá Píráímárì Mẹ́ta, o sì mọ̀ ọ́n, ìwọ ló ń bá mi ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn irin gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó yí ṣọ́ọ̀bù mi ká ní Thamesmead West, ọwọ́ yìí ló ṣe é. Ẹ̀rọ léètì mi ń bó irin bí ẹní bó ọsàn. Òyìnbó tó kàwé dé òkè ń gbé irin wá bá mi.

Mo ń fọ́nnu, mo mọ̀. Ara ohun tó bá wa náà nìyẹn.

Wọ́n ti mú Olúṣọlá, Bíyìí. Ọkọ Àràmídé ọmọ mi, nọ́ọ̀sì tí mo fi fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi níbí ni wọ́n fi í sí, wọ́n ní kó máa dúró de ẹjọ́. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ògiri rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rí. Mo ti ń rí ògiri yẹn láti ọdún tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù, n kò bi ara mi rí pé ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Ìyá àgbà kan wà ní Woolwich, Mummy Bernice, tí Olúṣọlá ń lọ tọ́jú nílé kí ó tó di nọ́ọ̀sì. Bàbá ìyá yìí ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà ní Woolwich láyé ọjọ́un. Nígbà tí màmá fẹ́ kó lọ sílé àwọn arúgbó, ó fún Olúṣọlá ní ìbọn ìléwọ́ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, pé kó máa fi rántí òun. Ìbọn àtijọ́ ni, wọn kò ṣe irú ọta rẹ̀ mọ́ láyé yìí. Òfin wọn níbí sì gbà kí ènìyàn gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri, nítorí kò rí ohun tí yóò jẹ, kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Olúṣọlá gbé e wá bá mi. Ó ní, “Daddy, ẹ kàn bá mi nu ìpẹtà rẹ̀ ni. Ohun ìrántí ni.” Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwọ náà mọ ohun tí Bàbá Àrẹ̀mú ọ̀gá wa fi kọ́ wa. Ìbọn kì í yadi wọ àgbẹ̀dẹ kó tún yadi jáde. Bí ọdẹ bá ní ká bá òun nu ún lásán, tí a rí i pé kò lè dún, a ó tún un ṣe ká tó dá a padà, kí ẹranko má baà pa ọlọ́mọ sínú igbó kó wá di ẹ̀bi wa. Nígbà tí irú ọta kan bá sì wọ́n lọ́jà, ṣebí àwa náà là ń tún inú ìbọn ṣe kó lè gba èyí tó wà. Ta ló mú wa sí i rí? Ọdẹ á gbé ẹran ìgbẹ́ wá, á tún kí wa kú iṣẹ́.

Bí mo ṣe wo inú ìbọn Olúṣọlá tí mo rí i pé odi ni, ara mi kò gbà á. Mo ní kí làna mi yóò wí, pé òun gbé irin fún Isaac, Isaac sì nu ún bí ẹní nu abọ́? Mo tún inú rẹ̀ ṣe kó lè gba ọta ìsinsìnyí. N kò ní ọta kankan, n kò wá a, n kò yìn ín wò. Mo kàn fẹ́ kó pé ni. Iṣẹ́ náà sì mọ́, Bíyìí. Èmi fúnra mi wò ó, mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dá a padà, mo wí fún Olúṣọlá pé, “Mo ti fún un lóhùn o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó gbé e kọ́ ògiri. Ó rò pé mo ń fọ́nnu bí ìṣe mi ni. Ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù létí àwọn ọmọ yìí, wọn kì í yọ òótọ́ inú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣe àfihàn ohun àtijọ́ Woolwich ní gbọ̀ngàn kan. Olúṣọlá gbé ìbọn náà lọ tayọ̀tayọ̀, òun àti fọ́tò bàbá Mummy Bernice. Ọkùnrin tó ń tò wọ́n sórí tábìlì mọ ìbọn. Ó ṣí i, ó wò ó, ó lọ pe ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un, pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ tó wọ̀ lọ síbẹ̀.

Lọ́yà tí a gbà, Tiwaladé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí ìbọn ti lè gba ọta tó wà lọ́jà, kì í ṣe ohun ìrántí mọ́, pé ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Olúṣọlá ni wọ́n bá a, òun ni wọ́n mọ̀.

Àràmídé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò kí mi. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Daddy, ta ló bẹ̀ yín?” Ó yí padà, ó lọ. Ẹnì kankan kò bẹ̀ mí.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra mi. Mo ní ọwọ́ mi ló ṣe é. Wọ́n fún mi ní tíì. Wọ́n ní kí n mú sátífíkéètì wá, ilé ìwé wo ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìbọn? Mo ní àgbẹ̀dẹ Bàbá Àrẹ̀mú ni. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ inú ìbọn yẹn kì í ṣe iṣẹ́ bàbá arúgbó, pé bí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló rí. Lọ́jọ́ mìíràn, n bá fi ọ̀rọ̀ yẹn jó. Wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣẹ̀wọ̀n fún àna mi ni.

Olúṣọlá náà kò ràn mí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, kò tíì dárúkọ mi. Nígbà tí mo lọ wò ó lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́dà ní kó jókòó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ òótọ́. Ó ní, “Daddy, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n máa ti gbọ́ orúkọ yín.” Ó wá ń bi mí bóyá mo ń jẹun. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn ọ́ nìyí. Tiwaladé ní òun pè ọ́ lórí fóònù, kí o lè jẹ́rìí pé a jọ kọ́ iṣẹ́ ìbọn. Ó ní o sọ pé o kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbọn, pé ọkọ́ àti àdá nìkan ni Isaac mọ̀ ọ́n rọ. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ọ̀rẹ́ ẹ gan-an ò gbè ẹ́.” Kò mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀yin fún àgbà, mo ti dárí jì í. Bíyìí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Àjèjì pè láti ìlú òyìnbó, ó ń béèrè ọ̀ràn ìbọn, ta ni kò ní sẹ́? N bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí níbi méjì: ó so okùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, ó sì sọ mí di afọ́nnu lásán.

Jọ̀wọ́, yóò tún pè ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àràmídé yóò ka lẹ́tà yìí sí ọ létí lórí fóònù kí ọjọ́ náà tó pé. Sọ ohun tí Bàbá Àrẹ̀mú kọ́ wa. Sọ irú ìbọn tí a tún ṣe àti bí a ṣe máa ń dán inú rẹ̀. Má ṣàánú mi. Tiwaladé ti bi mí léèrè bóyá mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbà mí gbọ́, èmi ni wọn yóò tì mọ́lé. Mo ní mo mọ̀. Àwọn ọmọ Olúṣọlá ṣì ń lọ sílé ìwé, àwọn tèmi ti jáde.

Bá mi kí Waheedah aya rẹ, kó má gbé omi púpọ̀ mọ́. Kí àwọn ọmọ àgbẹ̀dẹ tó ṣẹ́kù. Bí o bá dé ojú oórì Bàbá Àrẹ̀mú, kí i, má sọ èyí fún un.

Túsìdeè tó ń bọ̀ ni ọ̀gá kan tó mọ̀ nípa ìbọn ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti ọlọ́pàá méjì; Tiwaladé ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Wọn yóò gbé irin lásán fún mi, wọ́n fẹ́ wo ipa tí ẹ̀rọ mi ń fi sára irin bóyá ó bá ti inú ìbọn mu. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. N ó wọ aṣọ iṣẹ́, n ó tan ẹ̀rọ, n ó sì ṣe é bí mo ṣe ṣe ti àkọ́kọ́ gan-an. Bí wọ́n bá sì wò ó tí wọ́n gbà, n ó pa ẹ̀rọ, n ó na kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Àràmídé, n ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣeé sẹ́ mọ́,

Isaac Fẹ̀hìntọlá