Kíṣìnnì Tí Bàámi Kàn

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹta
Lẹ́tà dé. Lánlọ́ọ̀dù fẹ́ fi ilé yìí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kí á kó jáde kí oṣù kẹfà tó parí. Falk, ọkọ mi, kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Wò ó, ó tiẹ̀ dárúkọ ọmọ náà fún wa. Imke. Bí ẹni pé ká lọ ra òdòdó fún un.” Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ kíṣìnnì lọ, mo sunkún. Apá wa ò ká owó ilé Hamburg mọ́, àwa méjèèjì mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 5
Falk kọ ìlú sórí bébà, ó ń fa igi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku méjì. Wittenberge: wákàtí kan lé díẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wá sí ọ́fíìsì níbí. Bremerhaven: wákàtí méjì, á tún pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ní tèmi, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú wà níbi gbogbo, mi ò lè wáṣẹ́ tì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kó bá mi wá: ògiri tó gba kíṣìnnì tí Bàámi kàn, kọ́bọ́ọ̀dù àti pákó orí wọn. Mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá. Ó lọ ra tépù tuntun. Láti òní lọ, Tépù ni mo ń pe Falk.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó ni Bàámi gbé kíṣìnnì náà wá. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kan yàrá inú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́fà nísàlẹ̀, pákó gbọọrọ kan ṣoṣo lórí gbogbo wọn. Wọ́n gbé pákó yẹn gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn wọ́n lọ́wọ́. Kọfí nínú fúláàsì. Búrẹ́dì àti sọ́séèjì. Orin kan ṣoṣo, kò lọ́rọ̀, imú ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Falk ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú.” Wọn ò gbójú sókè: “Ẹnu ẹ ni kóo dì mú.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọn eruku pákó kúrò nínú irun mi. Kíṣìnnì yìí ni ohun tí wọ́n kàn kẹ́yìn. Ìgbà òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kú. Àárò wọn ń sọ mí gan-an lónìí – mo jókòó sórí pákó náà, mo ń mu kọfí, mo ń fi imú kọrin bí wèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Wittenberge. Oòrùn ràn. Odò wà níwájú ilé, ẹyẹ àkọ̀ méjì ń kọ́ ìtẹ́ sórí òrùlé ilé kejì. Falk dúró lójú bákónì, ojú ẹ̀ dà bí ojú ọmọdé lọ́jọ́ ọjọ́ìbí. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé.

Kíṣìnnì ṣófo, bó ṣe máa ń rí: páìpù méjì, wáyà kan, ojú àpá kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹni tó kó jáde tú lọ. Tépù kúnlẹ̀. Ó wọn ògiri. Mítà 2,65: kò tó.

Ìyáàfin Prill, onílé, ní ká ra tuntun, ó pọ̀ níta. Mo ní bàbá mi ló kan tiwa. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?” Mo mirí pé rárá. Wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká. Wọ́n ní àwọn máa fi ilé náà dúró dè wá di Ẹtì ọjọ́ kẹrìnlélógún. “Torí bàbá ẹ ni o. Kì í ṣe torí ọkọ ẹ tó ń wọn ògiri mi bí ẹni tó fẹ́ ránṣọ fún un.”

Ọjọ́ Àìkú, 12
Falk ní ká gé pákó náà. Mo ní kó kọ́kọ́ gé ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Bremerhaven. Òjò, afẹ́fẹ́. Ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí ni fèrèsé kọjú sí. Àmọ́ ògiri kíṣìnnì: 3,20! Mo fò sókè. Èmi nìkan ni mo fò.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Tépù ń ṣírò wákàtí. Mẹ́rin lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa. Kíṣìnnì ti rílé. Ó ku àwa.” Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, mo wojú ẹ̀. Kò ṣàwàdà.

Ọjọ́ Ajé, 20
Màámi pè. “Wiebke, pákó ni o. Bàbá ẹ gan-an ò fẹ́ràn pákó tó báyìí. Kò sóhun tó kàn rí tí kò ṣeé tú.” Mo ní ẹ ò lè mọ̀ bó ṣe ń ṣe mí. Wọ́n ní, “Èmi tí mo sùn tì í lọ́gbọ̀n ọdún?” Ojú tì mí.

Ọjọ́rú, 22
Ìwé àdéhùn Bremerhaven ti dé. Falk ti fọwọ́ sí i kí n tó tibi iṣẹ́ dé. Ó kọ orúkọ ẹ̀ kékeré. Àyè tèmi ṣì ṣófo. Ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 23
Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀.

Tépù fẹ́ ya àwòrán kíṣìnnì fún Bremerhaven, ó ní ká fa kọ́bọ́ọ̀dù ìkẹyìn jáde kó lè rí ibi tí páìpù gbà. Láti ọjọ́ tí Bàámi ti tì í wọlé, a ò fà á rí. Eruku. Ṣíbí kan. Ègé pẹ́ńsù pupa Bàámi. Falk na ọwọ́ gbé tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ pákó, ó ní, “Wiebke, wá.”

Ìlà méjì, wọ́n fi pẹ́ńsù fà wọ́n tààrà, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i: 2,62. 2,09. Ibi tí a lè gé e nìyẹn, ìlà kan fún kọ́bọ́ọ̀dù kan téèyàn bá yọ. Lẹ́bàá ẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé Bàámi:

“Wiebke, ẹ ò ní gbé ibí títí. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, nọ́ọ̀tì ni mo fi dè é. Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbé. Ìwọ ni kóo gé e. Falk lè dì í mú.”

Mo bínú sí wọn níṣẹ́jú kan. Ẹ ò lè sọ ọ́ lẹ́nu? Falk ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ pé, “Wọ́n ní mo lè dì í mú.” Mo pe Ìyáàfin Prill. Wọ́n ní ilé ṣì wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Keje
Wittenberge. Falk dì í mú. Mo gé e. Ojú ibi tí mo gé wọ́ díẹ̀.