Máṣíìnì Ìgékoríko Close Wa àti Ọwọ́ Chairman Tó Jó

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo kórìíra Chairman close wa, kì í sì í ṣe ìkórìíra kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ jó ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, gbogbo àdúgbò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi ni mo gba ẹ̀mí ẹ̀ là... èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Rárá, irọ́ ni mo pa yẹn. Àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n.

Festac la wà. Bàbá mi ló ni ilé tí mò ń gbé, òun àti Chairman jọ ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n jọ gba ilé lọ́jọ́ kan náà. Bàbá mi ti kú, Chairman ti retire, kò wá ríṣẹ́ kankan ṣe mọ́ ju kó máa ṣọ́ iwájú ilé mi lọ. Koríko mi ga díẹ̀, ó ya fọ́tò ẹ̀, ó jù ú sórí WhatsApp group close wa. Mo gbé ìdọ̀tí síta, ó ya fọ́tò. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká ní bàbá mi ṣì wà láyé, ojú ì bá tì í. Bàbá mi o! Kí ló kan bàbá mi nínú koríko? Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Spare parts jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tà ní Apple Junction, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo mọ ẹ́ńjìnì, àwọn mẹkáníìkì gan-an máa ń wá bi mí ní nǹkan. Nígbà tí close wa wá ra máṣíìnì ìgékoríko, èyí tó ń lo petrol tí èèyàn máa ń gbé kọ́ èjìká, inú páálí ló wà nígbà tó dé, gbogbo ẹ̀ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ní kí n wá tò ó. Mo tò ó. Mo ki ọ̀pá ẹ̀ bọ ara ẹ́ńjìnì, mo de ibi tí wọ́n ń dì mú, mo so okùn nylon tó ń gé koríko mọ́ ọn nísàlẹ̀, mo fi sípánà de ike tó máa ń bo okùn yẹn kí òkúta má baà fò lu ẹsẹ̀ èèyàn. Mo ka ìwé ẹ̀ tán pátá. Mo wá ṣàlàyé fún Chairman lójú gbogbo èèyàn pé ẹ́ńjìnì yìí ò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, inú petrol ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I better pass my neighbour. Mo mú ike kékeré tó bá a wá, tí wọ́n fi ń wọn epo àti ọ́ìlì, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo tún ní tí epo bá tán lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kó tutù dáadáa kí wọ́n tó rọ òmíràn sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá lòun ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé wọn kì í po epo nílé òun, àwọn tí kò rí jájẹ ló ń po epo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, I better pass ni mò ń lò, gbogbo close ló ń gbọ́ ariwo ẹ̀ lálaalẹ́. Ṣé ẹ rí i pé èmi ló ń bá wí? Àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín. Ó ju ike yẹn padà sínú páálí, ó wo ojú mi, ó ní, "Padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o.

Ó di Saturday tí a máa ń tún àyíká ṣe. Chairman fúnra ẹ̀ ló gbé máṣíìnì kọ́ èjìká, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ti tú ike tí mo dè kúrò, ó ní kò jẹ́ kóun ríran. Petrol lásán ló wà nínú ẹ̀. Bàbá géètì, bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ géètì close wa, ló bá a rà á ní Mazamaza, kẹ́ẹ̀gì méjì. Mò ń gbálẹ̀ níwájú ilé mi, mò ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnì yẹn ṣe ń ké, ẹ́ńjìnì tí kò rí ọ́ìlì, igbe ẹ̀ máa ń yàtọ̀. Inú mi sì ń dùn... àní inú mi ń dùn! Mo ní kó knock, kó knock lójú gbogbo wọn. Iwájú géètì mi gan-an ló kú sí. Èéfín ń rú lára ẹ̀. Chairman rò pé epo ló tán, ó gbé e sílẹ̀, ó ṣí ìdérí ẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó wá dúró. Àwọn yòókù wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń kó gọ́tà. Ó wò mí, ó pè mí ní orúkọ tí bàbá mi nìkan máa ń pè mí, ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n rọ ọ́ báyìí, àbí kí n dúró?"

Ẹ wò ó, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Chairman." Mo padà sídìí ìgbálẹ̀ mi.

Ó rọ ọ́. Epo dà sórí sàlẹ́ńsà tó ti gbóná, iná sọ, ó gun ọwọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá. Mo dúró. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n ó pẹ́ débi tí mo fi sọ nínú ọkàn mi pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó sáré bu yẹ̀pẹ̀ dà sí i, mo fi ìró mi we ọwọ́ ẹ̀, mo pariwo. Ìyẹn làwọn èèyàn rí. Wọ́n dé, wọ́n bá èmi àti ìró mi lára ẹ̀, wọ́n ní angẹ́lì ni mí. Angẹ́lì kẹ̀?

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Chairman dé láti ọsibítù, ó ní epo tí Bàbá géètì rà ni kò dáa, pé bàbá náà ti fi kẹrosíìnì lú u. Sunday tó ń bọ̀ ni ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi lé e. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà ní géètì yẹn, yàrá kótópó tó wà níbẹ̀ ló ń sùn, ibo ló fẹ́ lọ? Mo gba kẹ́ẹ̀gì kejì lọ́wọ́ Bàbá géètì, mo po ọ́ìlì mọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀, mo rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀ mi. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí mo fi pa á. Kò sí nǹkan kan tó ṣe epo yẹn. Èyí tó kù ṣì wà lẹ́yìn ilé mi.

Mo lọ bá Chairman kí n sọ fún un. Wọ́n ti fi báńdééjì we ọwọ́ ẹ̀ tán, ìyàwó ẹ̀ gbé malt fún mi. Bí ìyàwó ẹ̀ ṣe wọ yàrá lọ báyìí, Chairman tẹ̀ síwájú, ó ní, "Tí o bá lanu, èmi náà á lanu. O mọ̀ pé mo bi ọ́." Ló bá tún pe ìyàwó ẹ̀ pé kó máa bọ̀ wá bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sì gbàdúrà fún mi! Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ṣe àmín bí ọ̀dẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn, ṣé ẹjọ́ mi ni? Ṣé mi ò ti sọ fún un lójú gbogbo ayé? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí ní nǹkan bí èèyàn láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ yẹn? Tí mo bá sọ ọ́ ní Sunday, Bàbá géètì máa bọ́ nínú ẹ̀sùn yìí, ṣùgbọ́n Chairman máa ní mo rán òun sínú iná, kò sì ní parọ́. Ojúkojú la jọ ń gbé, ibo ni mo fẹ́ gbà?

Láàárọ̀ yìí, Bàbá géètì ṣí géètì fún mi, ó ṣí fìlà, àgbàlagbà tó lè bí mi. Ó ní, "Madam, nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹ́ńjìnì. Tí ẹ bá ní epo mi dáa, wọ́n á gbà." Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Chairman, ìyẹn kọ́ ni mo bi yín, inú ṣì ń bí mi sí i. Ọ̀rọ̀ Bàbá géètì ni mò ń bi yín. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sunday ni ìpàdé. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ fún mi pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n.