Bí Yétúndé Ṣe Di Vanessa

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó Káyọ̀dé àbúrò mi ti bímọ. Obìnrin ni. Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí a sin yín lọmọ náà dé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an, nítorí ohun tí wọ́n ṣe níbi ìkómọ rẹ̀ ṣì ń rí mi lára títí di òní.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá ń ti oko bọ̀. Ẹ ó sọ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ lẹ́bàá kíláàsì mi, ẹ ó di irin fèrèsé mú, ẹ ó máa gbọ́ bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ nínú rẹ́jísítà. Tí mo bá pe èyí tó dùn mọ́ yín, ẹ ó mi orí. Tí mo bá pe Kọ́mfọ́ọ̀tì tàbí Dọ́káàsì, ẹ ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ẹ ó gbé apẹ̀rẹ̀ yín, ó di ulé. Felísíà ni wọ́n sọ ẹ̀yin náà nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún yín, ẹ ò sì jẹ́ ẹ rí.

Àwọn Kọ́mfọ́ọ̀tì yẹn ló kù díẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fúnmiláyọ̀ àti Bọ́sẹ̀dé ló pọ̀. Lẹ́yìn wọn ni Tolúlọpẹ́ àti Tèmítọ́pẹ́ gba gbogbo kíláàsì, tó fi di pé orúkọ bàbá ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyẹn ò dùn mí. Ọmọ tó ń jẹ́ Tolúlọpẹ́ mọ ohun tí òun ń jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, mo ní Precious mẹ́rin, Favour mẹ́ta, àti ọ̀kan tó ń jẹ́ Testimony. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, bóyá ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ń pè é nílé, ó ní Tẹ́sì. Bí ẹni ń pe ajá, Yèyé.

Mo rò pé kò ní dé ilé tiwa.

Lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo pálọ̀ yín kún. Àbúrò yín gun ọ̀kadà wá láti Ìsàn láàárọ̀ kùtù, òun ló gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ìró aláró yín ló fi wé e. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì léèrè orúkọ. Yétúndé ni. Kí ni ọmọ obìnrin tó dé lẹ́yìn yín ì bá tún jẹ́?

Àfi bí pásítọ̀ Káyọ̀dé àti ìyàwó rẹ̀, tó bá wọn wá láti Adó, ṣe dìde. Géńdé ni, apá kóòtù ọrùn rẹ̀ gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní orúkọ yẹn kò ní wáyé. Ó ní òkú la fẹ́ pè padà sínú ilé, àti pé ẹni tó bá ń jẹ́ Yétúndé ti bá isà òkú dá májẹ̀mú. Abẹ́ fọ́tò yín ló dúró sí, Yèyé, ó ń pè yín ní òkú, ó sì ń lá oyin ìkómọ ní ìka rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò tíì rí ohun tó kó mi nírìíra tó ìka yẹn.

Ó wá ní Vanessa lọmọ yóò máa jẹ́. Inú fíìmù òyìnbó kan nìyàwó ti rí orúkọ náà. Kò sí nínú Bíbélì tí pásítọ̀ gbé lọ́wọ́. Àbúrò yín gbìyànjú láti pè é, ó di Fanẹ́sà, àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀. Pásítọ̀ ní kí wọ́n bọ́ aṣọ òkú kúrò lára ọmọ. Ìyàwó tú ìró yín, ó fi ìka méjì gbé e, ó jù ú sẹ́nu ọ̀nà, láàárín bàtà àwọn àlejò.

Gbogbo wọn ṣe Àmín. Èmi náà ṣe é. Kí ló dé tí mi ò dìde? Ẹnu mi ló ṣe é kí n tó mọ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ, mo pe Káyọ̀dé sẹ́yìnkùlé. Mo sọ fún un pé ó jẹ́ kí àjèjì tú itọ́ sí ìyá rẹ̀ lójú nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀. Mo sọ púpọ̀. Ó doríkodò, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Kò pariwo.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Ògúnfúnkẹ́ ni Yèyé sọ yín. Ta ló wá ń jẹ́ Olúfúnkẹ́?”

Yèyé, òótọ́ ló sọ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo wà nígbà yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ àdúrà sọ pé orúkọ Ògún kò ní jẹ́ kí n rí ọkọ fẹ́. Mo lọ búra ní kóòtù, mo fi Olú rọ́pò rẹ̀. Ògún tí mo yọ yẹn lẹ fi mọ rírì iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tí bàbá mi ṣe títí ó fi kú. Ẹnu ẹlòmíì lẹ ti gbọ́. Ẹ ò bá mi wí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ ò pe orúkọ mi mọ́. Tíṣà lẹ ń pè mí. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi rò pé ẹ ń fi mí yangàn ni. Ṣé ẹ ń fi mí yangàn ni?

Gbogbo ìríra tí mo ní sí pásítọ̀ yẹn ló kúrò lára rẹ̀ tó bọ́ sára mi. Èmi pẹ̀lú rẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ wa? Òun ò mọ̀ yín. Èmi mọ̀ yín.

Káyọ̀dé padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Adó, ó ní kí n bá òun gba ìwé ìbí ọmọ ní Ìdó. Nínú takisí, mo ń rò ó pé kí n fi Yétúndé kún un, wọn ò ní tètè mọ̀. Nígbà tí mo dé iwájú akọ̀wé, mi ò ṣe é. Mo ti pa orúkọ dà lẹ́yìn ẹni tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní Vanessa. Ó kọ ọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni orúkọ ẹni tó mú ìròyìn ìbí wá.

Mo ní, “Ògúnfúnkẹ́.”

Ó dá gègé dúró, ó ní kí n tún un pè, irú rẹ̀ kì í wá mọ́. Mo pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún un, díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró tì í títí ó fi fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀.

Ọmọ yín ni, tó ń fẹ́ràn yín, tó sì ń bẹ̀ yín.